Bí mo ṣe fi pọ́ǹpù agbọ́nmi sínú ọkọ̀ ojú omi kékeré tó ti pẹ́ láyé

Ọkọ̀ fáíbà ni, mítà 5 ni gígùn rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì so mọ́ pátákó ìdí rẹ̀ lóde. Ó ti pẹ́ láyé, àmọ́ ara rẹ̀ ṣì le. Àwọn tó ṣe é kò fi pọ́ǹpù kankan sí i. Ihò kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀ pátákó ìdí, tí wọ́n fi rọ́bà dí, tí èèyàn máa ń ṣí kí omi lè ṣàn jáde bí ọkọ̀ bá ti dé orí ilẹ̀. Bó bá wà lórí omi, àfi kí èèyàn mú igbá kó máa gbọ́n omi inú rẹ̀.

Igbá kò burú, ṣùgbọ́n igbá kì í dá ṣiṣẹ́ nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀, ìgbà yẹn gan-an sì ni òjò máa ń ṣọṣẹ́. Ibi tó ṣí sí òjò nínú ọkọ̀ yìí gùn tó mítà 3, ó sì fẹ̀ tó mítà 2. Òjò ńlá kan tó bá rọ̀ tó mìlímítà 50 yóò da omi lítà 300 sínú rẹ̀, lítà kan sì ń wọn kìlò kan. Àfi bí ẹni pé géńdé mẹ́rin lọ jókòó sí ìdí ọkọ̀ tí wọn ò dìde mọ́. Ìdí ni gbogbo omi yẹn ń ṣàn lọ, níbi tí ẹ́ńjìnnì, bátìrì àti táǹkì epo ti wà tẹ́lẹ̀. Bí ìdí bá ṣe ń wọlẹ̀ ni ibi tí wọ́n gé nínú pátákó kí ẹ́ńjìnnì lè jókòó sí á máa sún mọ́ omi. Ìgbì kékeré kan ló kù tí yóò bọ́ sínú, ó parí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ló ti rì síbi tí wọ́n so wọ́n mọ́, láìsí ìjì kankan.

Ohun tó dá mi lójú nípa iṣẹ́ yìí ni pé pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ ló rọrùn jù nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí omi máa gbà dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù, ọ̀nà tó máa gbà jáde, àti ọ̀nà tí iná máa gbà dé ibẹ̀: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni iṣẹ́ gan-an. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dí, owó pọ́ǹpù ti wọgbó.

Ibi tí omi ń gbà wọlé

Mi ò fọwọ́ kan pọ́ǹpù títí mo fi mọ ibi tí ọkọ̀ ti ń jò. Kò yẹ kí wọ́n máa fi pọ́ǹpù bo ihò mọ́lẹ̀. Ihò tó fẹ̀ tó ínǹṣì kan péré, tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 30 nísàlẹ̀ ojú omi, lè da omi tó ju lítà 40 lọ sínú ọkọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Pọ́ǹpù kékeré kan kò lè bá ìyẹn dọ́gba.

Mo gbé ọkọ̀ sórí tírélà, mo kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ jáde, mo sì nu ikùn rẹ̀ lóde títí tó fi gbẹ. Lẹ́yìn náà mo fi ṣọ́ọ̀kì kun gbogbo oríkèé rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ gbogbo sìkúrù tó kọjá sínú. Mo wá da omi díẹ̀ sínú ọkọ̀. Ibi tí omi bá ti ń jò jáde lórí ilẹ̀ ni yóò ti máa jò wọlé lórí omi, ṣọ́ọ̀kì á sì fi hàn kedere, nítorí pé ó máa ń ṣú bó bá ti tutù. Ẹ má da omi kún un o. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí tírélà, kò sí omi tó ń gbé ikùn rẹ̀ láti abẹ́, omi púpọ̀ nínú rẹ̀ lè là á.

Ibi méjì ni ṣọ́ọ̀kì ti ṣú. Àkọ́kọ́ ni rọ́bà tó dí ihò ìdí: ó ti le kankan, kò fún mọ́. Mo ra tuntun. Ìkejì ni sìkúrù méjì tí ẹnì kan fi de nǹkan kan mọ́ pátákó ìdí nígbà kan rí, tí nǹkan náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Èyí ló ká mi lára jù, nítorí pátákó ìdí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fáíbà àtijọ́, igi ni wọ́n fi fáíbà bò. Bí omi bá gba ihò sìkúrù wọ inú igi yẹn, á máa jẹrà díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, títí di ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì á máa mì lára rẹ̀. Mo yọ àwọn sìkúrù náà, mo fi dírílì lu ihò wọn fẹ̀ sí i kí n lè rí igi inú rẹ̀. Ẹ̀rún tó jáde funfun, ó gbẹ, kò rùn. Inú mi dùn. Mo fi epoxy, ìyẹn gọ́ọ̀mù olómi méjì tó máa ń le gan-an bí wọ́n bá pò ó pọ̀, tí mo ti pò mọ́ lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ títí tó fi ki, dí ihò méjèèjì pátápátá.

Ọ̀nà omi lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀

Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, àwọn igi gígùn kan wà tí wọ́n fi fáíbà bò, tí wọ́n fi fún ikùn ọkọ̀ lágbára. Àwọn igi yìí ló pín ìsàlẹ̀ ọkọ̀ sí yàrá yàrá, wọ́n sì lu ihò kéékèèké sí ìdí igi kọ̀ọ̀kan kí omi lè máa gba ibẹ̀ lọ sẹ́yìn. Nínú ọkọ̀ tó ti pẹ́, àwọn ihò yìí kì í sábà ṣí mọ́. Ewé, yanrìn, irun, ègé fóòmù àti epoxy tó kán sílẹ̀ láti ayé àtijọ́ ti dí wọn. Omi á wá dúró sí iwájú, pọ́ǹpù á sì máa dúró de omi ní ìdí.

Mo da korobá omi kan sí iwájú, mo sì lọ dúró sí ìdí láti wò ó. Ó pẹ́ gan-an kó tó dé, ó sì ń kán tó tó ni. Wáyà líle tí mo tẹ orí rẹ̀ bí ìwọ̀ ni mo fi tú àwọn ihò náà. Ohun tó jáde láti inú ihò kejì sí ìdí jẹ́ odidi ẹ̀kúnwọ́ ẹrẹ̀ dúdú tó ti dì. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣí, omi korobá kan náà dé ìdí kí n tó rìn débẹ̀. Mo fi epoxy pa etí igi tó hàn nínú ihò kọ̀ọ̀kan kí omi má bàa máa rin wọ inú rẹ̀.

Nọ́ńbà ara páálí

Pọ́ǹpù tí mo mú, 1100 ni wọ́n kọ sí i lára. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà 1100 ní wákàtí kan. Gálọ́ọ̀nù kan jẹ́ lítà 3.785, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 70 ní ìṣẹ́jú kan. Àmọ́ wọ́n wọn iye yìí nígbà tí pọ́ǹpù kò gbé omi ga rárá, tí iná sì pé. Bí omi bá ti ní láti gun òkè, kó gba inú họ́ọ̀sì kọjá, kó sì yí igun kan tàbí méjì, ìdajì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta iye yẹn ni kí èèyàn máa retí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi mú 500. Ìyàtọ̀ owó wọn kò pọ̀, ìwọ̀n ìdí wọn kò sì yàtọ̀ púpọ̀ síra.

Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé pọ́ǹpù ńlá á jẹ bátìrì tán, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Èyí ń mu nǹkan bí ámpù 4. Bátìrì mi jẹ́ 70 Ah (ámpù-wákàtí, ìyẹn iye ámpù tó lè gbé jáde ní ìlọ́po wákàtí tó fi gbé e), tí a bá sì ní ká lo ìdajì rẹ̀ péré kó má bàa bàjẹ́, 35 Ah nìyẹn. Pọ́ǹpù á ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8 àti díẹ̀ sí i láìdúró. Òjò mìlímítà 50 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kò ní lò tó ìṣẹ́jú 10 láti gbọ́n ọn.

Oríṣi tó ń jókòó sínú omi ni mo yàn, èyí tí abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ ń ti omi jáde. Kì í fa omi láti òkèèrè, ó gbọ́dọ̀ wà níbi tí omi jinlẹ̀ sí jù. Àwọn kan wà tí wọ́n ní súìsì nínú ara wọn, tí wọ́n máa ń yí ara wọn wò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀ bóyá omi wà. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ tí kì í sí ẹni tó ń gba iná sí bátìrì rẹ̀ lójoojúmọ́. Súìsì fúlóòtù ni mo fẹ́, tó dá wà lọ́tọ̀: omi gbé e sókè, iná tàn, omi lọ, ó wálẹ̀, iná kú. Mo lè fi ọwọ́ gbé e láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ìjókòó pọ́ǹpù

Ẹ má lu sìkúrù sí ikùn ọkọ̀ tààrà láé. Ohun tí a fẹ́ fi gbọ́n omi kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó máa la ọ̀nà fún omi. Mo gé pátákó fáíbà kan tó nípọn mìlímítà 10, tó fẹ̀ tó láti gba pọ́ǹpù àti fúlóòtù, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀. Pátákó oníke funfun tí wọ́n máa ń tà fún iṣẹ́ ọkọ̀ kò dára fún èyí, nítorí gọ́ọ̀mù kì í mú un.

Ìmọ́tótó ni àṣírí ìlẹ̀mọ́. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ àtijọ́ kún fún òróró tí ojú kò rí. Mo kọ́kọ́ fi acetone, omi tó máa ń tú òróró kúrò, nù ún, mo wá fi sáńpépà tí ojú rẹ̀ mú dáadáa ha á títí àwọ̀ tó ń dán fi lọ tí fáíbà gan-an sì yọjú, mo tún nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹ bá fi sáńpépà há a kí ẹ tó nù ún, ńṣe lẹ máa ti òróró wọ inú ojú tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ há. Mo fi epoxy tó ki sí abẹ́ pátákó náà, mo tẹ̀ ẹ́ títí tó fi yọ yí etí rẹ̀ ká, mo fi ìka tí mo wọ ìbọ̀wọ́ sí gbá a yípo kí omi àti ẹrẹ̀ má rí igun dúró sí. Mo gbé ẹrù lé e, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Sìkúrù tí kò gùn ju mìlímítà 8 lọ ni mo wá fi de ìdí pọ́ǹpù tó rí bí asẹ́.

Fúlóòtù, ibi tó so mọ́ ni mo kọ sí iwájú ọkọ̀, apá tó ń léfòó sì wà lẹ́yìn, kí omi tó ń ya wá sẹ́yìn nígbà tí ọkọ̀ bá sáré má bàa máa gbá a. Mo gbé ìdí rẹ̀ ga díẹ̀ ju ti pọ́ǹpù lọ. Ó ní ìdí: pọ́ǹpù irú èyí máa ń ṣẹ́ omi díẹ̀ kù tí kò lè fà mọ́. Bí fúlóòtù bá rẹlẹ̀ ju ojú omi àṣẹ́kù yẹn lọ, pọ́ǹpù kò ní dá iṣẹ́ dúró, á sì máa yí títí bátìrì fi máa kú.

Họ́ọ̀sì àti ihò ìjáde

Họ́ọ̀sì tí inú rẹ̀ ń dán ni kí ẹ rà. Èyí tí inú rẹ̀ rí gbágungbàgun bíi ọ̀fun ẹran kò wọ́n, ó sì rọrùn láti tẹ̀, àmọ́ gbogbo gbágungbàgun inú rẹ̀ ló ń dá omi dúró. Mi ò lè fi owó ra pọ́ǹpù 1100 kí n wá fi họ́ọ̀sì sọ ọ́ di 700. Ìnsì 1⅛ ni ẹnu pọ́ǹpù, ìwọ̀n yẹn náà ni mo lò títí dé ìta, láìsí ibi tó fún.

Họ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ máa gun òkè láti ẹnu pọ́ǹpù, kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ níbì kan kó tún gòkè. Ibi tó bá wálẹ̀, omi á dúró síbẹ̀, á há afẹ́fẹ́ mọ́ inú pọ́ǹpù, abẹ̀bẹ̀ á máa yí nínú afẹ́fẹ́ lásán. Ẹ tún rántí pé bí pọ́ǹpù bá dúró, omi inú họ́ọ̀sì á padà sí ìsàlẹ̀. Mítà 2 irú họ́ọ̀sì yìí ń gba omi lítà 1 àti díẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ yín bá há, èyí nìkan lè tún gbé fúlóòtù sókè, iná á máa tàn, á máa kú láìsinmi. Àwọn kan máa ń fi fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà wálẹ̀ sí i láti wo èyí sàn. Mi ò fara mọ́ ọn. Ìdọ̀tí díẹ̀ á jẹ́ kó lẹ̀ pa, ọjọ́ tí omi bá sì dé ni ẹ ó tó mọ̀. Ó sàn kí ẹ gé họ́ọ̀sì kúrú.

Ihò ìjáde ni kí ẹ ronú lé lórí jù. Pọ́ǹpù yìí kò ní ìlẹ̀kùn kankan nínú. Bí ihò ìjáde bá wọ abẹ́ omi, omi á gba inú họ́ọ̀sì padà wọlé, á sì máa fa ara rẹ̀ lọ títí ọkọ̀ á fi kún. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí omi ni mo ti sàmì sí i: mo kó epo kún táǹkì, mo kó ẹrù sí i, mo ní kí àwọn èèyàn lọ dúró sí ìdí, mo sì fi tépù sàmì síbi tí omi dé. Sẹ̀ǹtímítà 30 lókè àmì yẹn ni mo lu ihò sí, mo sì jẹ́ kí họ́ọ̀sì kọ́kọ́ gun òkè dé abẹ́ etí ọkọ̀ kó tó wálẹ̀ sí ihò náà.

Lílu ihò sára ọkọ̀ máa ń ba èèyàn lẹ́rù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Mo lẹ tépù mọ́ ojú ibẹ̀ kí àwọ̀ má bàa fọ́, mo lu ihò kékeré kan láti inú láti rí i dájú pé kò sí wáyà tàbí igi lọ́nà, mo wá ti ìta fi dírílì oníyípo gé e. Dírílì náà, ẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ jẹ́ kó máa yí sí títí eyín rẹ̀ fi ha àwọ̀ òkè kọjá. Bó bá yí síwájú láti ìbẹ̀rẹ̀, á gé àwọ̀ náà jágajàga. Mo fi epoxy kun etí ihò, mo jẹ́ kó gbẹ, kí n tó fi gọ́ọ̀mù ọkọ̀ àti ẹnu irin tí kì í dípẹtà dè é. Oníke á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n oòrùn máa ń mú un gbó, ó sì lè kán lójijì.

Iná

Kí n tó ṣí àpótí wáyà, mo ṣí gbogbo ìdérí, mo jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dáadáa, mo sì fi imú gbóòórùn ibẹ̀. Èéfín epo bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí, iná tíńtín sì tó láti tàn án. Níbi tí táǹkì bá ti wà nínú ọkọ̀, àfi pọ́ǹpù àti súìsì tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé wọn kò lè dá iná sílẹ̀.

Wáyà tó ń lọ sí fúlóòtù, ara bátìrì tààrà ni mo ti mú un, kò gba súìsì ńlá ọkọ̀ kọjá. Bí mo bá pa gbogbo iná ọkọ̀ kí n tó lọ sílé, pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ ṣì wà lójúfò. Fíúsì rẹ̀ wà nítòsí bátìrì gan-an. Ìlànà ABYC, ẹgbẹ́ tó ń kọ ìlànà bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀ kékeré ní Amẹ́ríkà, ní kó má ju ínǹṣì 7 lọ, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 18. Wáyà tó wà ṣáájú fíúsì kò ní olùṣọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kó kúrú. Iye ámpù tí ilé iṣẹ́ tó ṣe pọ́ǹpù kọ sínú ìwé rẹ̀ ni kí fíúsì jẹ́, ẹ má fi èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ sí i nítorí pé ó ń já. Bí igi kékeré bá há abẹ̀bẹ̀, iná tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ á máa wọ mọ́tò tí kò lè yí, á gbóná. Fíúsì tó bá ṣe rẹ́gí á já. Èyí tó tóbi jù á jẹ́ kó jó.

Ní ti ìnípọn wáyà, mítà 3 ni láti bátìrì dé pọ́ǹpù, mítà 6 ní àlọ àti àbọ̀. Wáyà 2.5 mm² á pàdánù fólìtì 0.17 péré bí ámpù 4 bá ń gbà á kọjá, èyí kò tó ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tí wọ́n fi tánganran bò ni mo rà, nítorí bàbà lásán máa ń dúdú láti inú wá nítòsí omi. Gbogbo ìsopọ̀, orí tí wọ́n ń fi ẹ̀mú tẹ̀ ni mo lò, tí rọ́bà rẹ̀ ní gọ́ọ̀mù nínú, tí ó ń sún kì bí ooru bá kàn án. Tépù oníná kò ní iṣẹ́ kankan ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Wáyà ara pọ́ǹpù kúrú, ó sì máa ń wu èèyàn kó so ó níbi tó bá dé. Mo fà á gòkè kí n tó so ó, ibi tí omi kò lè dé àyàfi bí ọkọ̀ bá ti ń rì.

Súìsì tó wà níwájú ìjókòó awakọ̀ ní ipò méjì péré: kó dá ṣiṣẹ́, tàbí kí n tàn án fúnra mi. Ti pé kó kú pátápátá kò sí níbẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ràn oníipò mẹ́ta, àmọ́ súìsì tí ẹnì kan lè ṣèèṣì pa sílẹ̀ pátápátá, mi ò fẹ́ ẹ nínú ọkọ̀ mi. Bí mo bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ lára rẹ̀, màá yọ fíúsì.

Ìdánwò

Àbúrò mi ló dúró síta pẹ̀lú korobá lítà 20, èmi wà nínú. Mo da omi sí iwájú, ó ṣàn dé ìdí, fúlóòtù gbéra, pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. “Ẹ̀gbọ́n, omi ò wá o!” Mo fọwọ́ tọ họ́ọ̀sì lọ, mo sì bá a níbi tó ti wálẹ̀ díẹ̀ láàárín ìdè méjì, tó fi bí ìwọ̀n ìka méjì rẹlẹ̀. Mo gbé ibẹ̀ sókè, omi tú jáde pẹ̀lú ariwo. Ìdè kan sí i láàárín ló yanjú ẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́ ní gbogbo àkókò ìdánwò yìí, bátìrì nìkan ló ń gbé e, nítorí bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe rí ní òru tí òjò bá ń rọ̀. Fólìtì 12.5 wà lórí bátìrì, 12.3 sì dé pọ́ǹpù. Korobá lítà 20 kún ní ìṣẹ́jú àáyá 28, ìyẹn nǹkan bí lítà 43 ní ìṣẹ́jú kan nínú 70 tó wà lára páálí. Iye yìí ni mo kọ sára ìdérí bátìrì, kì í ṣe ti páálí. Bí mo bá tún wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ iwájú tó sì dín kù gidigidi, màá mọ̀ pé nǹkan kan ti dí, tàbí pé ìsopọ̀ wáyà kan ti ń jẹrà.

Fúlóòtù kejì ṣì kù, tí màá so mọ́ òkè èyí pẹ̀lú agogo, kó máa ké bí omi bá ga ju ohun tí pọ́ǹpù lè gbọ́n lọ. Igbá ṣì wà lábẹ́ ìjókòó, okùn sì so mọ́ ọn. Mo tẹ́ aṣọ tó ń fa òróró sí ìsàlẹ̀, níbi tí kò ti lè há fúlóòtù, nítorí pọ́ǹpù kò mọ òróró yàtọ̀ sí omi, títú òróró sínú omi sì jẹ́ ohun tí òfin kọ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté, màá fi ọwọ́ gbé fúlóòtù títí màá fi gbọ́ pọ́ǹpù. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, màá yọ ọ́ kúrò lórí ìdí rẹ̀, màá tú irun àti okùn ìpẹja tó bá ti wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ kúrò, kí n tó tì í padà títí yóò fi ró pé ó ti wọlé.